Ọkọ̀ Tí Obìnrin Kì Í Wọ̀

Kí ogun tó dé, ọmọ ogun Sátidé ni àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ bàálù wa. Yẹ̀yẹ́ kọ́ o, bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn. Láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè, kálukú wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́yà wà ní kóòtù, akọ̀wé báńkì wà ní báńkì, àwọn apẹja tiwa wà lójú òkun. Tó bá di Sátidé, wọ́n á wọ aṣọ ológun, wọ́n á gun òkè lọ sí pápá bàálù tó wà lókè Skelbrae, ìlú apẹja wa. Àwọn tó mọ̀wé á wọ inú bàálù, wọ́n á fò. Àwọn tó mọ irin á wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa tú ẹ́ńjìnnì. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n ti padà sílé, ara wọn á máa rùn fún epo. Àwa ìyàwó wọn la máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. A máa ń ní, "Ẹ kú ogun o, ẹ̀yin jagunjagun! Bí ọ̀tá bá wá lọ́jọ́ Túsìdè ńkọ́?"

Ó wá lọ́jọ́ Túsìdè lóòótọ́. Ó wá lọ́jọ́ gbogbo. Láti ìgbà tí ogun Jámánì ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò bọ́ aṣọ ológun yẹn mọ́.

Orúkọ mi ni Bethia Swankie. Èmi ni mo ń ti kẹ̀kẹ́ tíì kiri inú pápá, tíì gbígbóná àti páì ẹran, láti ìdí bàálù kan dé ìdí òmíràn. Èmi kì í ṣe ológun, mi ò búra fún ọba kankan, tíì ni mò ń bù. Dauvit ọkọ mi ni mẹkáníìkì. Ní Skelbrae, tó o bá ju òkúta sáàárín èrò, Swankie ló máa bà, tí kò bá sì bà Swankie, á bà Cargill. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi ní àlàjẹ́. Ìdákọ̀ró ni wọ́n ń pe Dauvit, torí tó bá ti dúró síbì kan, àfi kí wọ́n wá okùn wá kí wọ́n tó lè fà á kúrò.

A fún àwọn tó ń fò náà ní àlàjẹ́. Ranald Carnegy ló ń wa bàálù tí Dauvit ń tọ́jú. Lọ́yà ni, ọmọ olówó ni, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, la bá sọ ọ́ ní Ẹnu-ò-sinmi. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, Dauvit á ní, "Ẹnu-ò-sinmi, kí lo fi ẹ́ńjìnnì mi ṣe?" Òun náà á ní, "Ìdákọ̀ró, mo kàn fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni." Kò sí sà níbẹ̀, kò sí ẹ̀yin. Bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti ayé Sátidé nìyẹn.

Ọkọ̀ tún wà o, ẹ jẹ́ n sọ ti ọkọ̀. Ilé kan wà létí òkun wa tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ ìdóòlà, ọkọ̀ gígùn alájẹ̀, kò ní ẹ́ńjìnnì, apá ọkùnrin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ewu bá ṣẹlẹ̀ lójú òkun, Bàbá Andra, bàbá ọkọ mi, á yí fèrè ńlá tó wà lẹ́nu ilé ọkọ̀ náà, fèrè ọ̀hún á máa ké bí màlúù tó ń rọbí. Bí fèrè yẹn bá ti dún, ọkùnrin tó ń jẹun á da ṣíbí nù. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì á fo àga kọjá, pásítọ̀ gan-an á yà fún un. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ta ló wà nínú omi. Wọ́n máa ń sọ níbí pé ẹni tí omi ń gbé lọ kò ní ìlú. Dauvit ni ọ̀gá atukọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó ti ọwọ́ bọ omi òkun, tó búra fún ọkọ̀ náà lójú bàbá rẹ̀.

Àwa obìnrin ńkọ́? Àwa la ń fa ọkọ̀ wọ omi. A ó ká yẹ̀rì sókè, a ó wọ inú omi yẹn dé àyà, nínú oṣù Èrèlé o, ẹ bá mi wò ó! Lẹ́yìn náà la ó wá pọn àwọn ọkùnrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ò gbọdọ̀ tutù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀, ẹ̀yìn wa ni wọ́n ń gùn wọ inú ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi Isie Cargill, opó ni, obìnrin gìrìpá, ó máa ń sọ pé, "Ọmọ mẹ́fà ni mo pọ̀n láyé mi, èyí tó wúwo jù nínú wọn ló fún mi ní márùn-ún tó kù."

Ṣùgbọ́n obìnrin kì í wọ inú ọkọ̀ náà. Láéláé. Tí obìnrin bá fẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹja á sá, ìjì á dé, ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó o bá bi wọ́n nídìí, wọ́n á ní kó o pa ẹnu ẹ mọ́. Èèwọ̀ ni.

Nígbà tí ọdún 1940 wọlé, wọ́n mú ọ̀gá tiwa lọ síbòmíràn, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá láti gúúsù. Voyle lorúkọ rẹ̀. Ológun paraku, tí kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí láyé. Aṣọ rẹ̀ gún régé bí ẹni pé wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ọn lára. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó gbọ́ tí Dauvit ń pariwo sókè pé, "Ẹnu-ò-sinmi, sọ̀ kalẹ̀ o jàre, mo fẹ́ wo ibẹ̀!"

Ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Dauvit ní, "Ranald ni, sà."

"Ọ̀gágun Carnegy!"

"Òun náà ni, sà. Ranald."

Voyle yí ojú sí gbogbo wa. Ó ní, "Ẹgbẹ́ eléré ọwọ́ dilẹ̀ ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́." Tí mo bá wá sọ pé èèyàn burúkú ni, irọ́ ni mo pa. Ojú tó ti sin ọ̀rẹ́ púpọ̀ lójú rẹ̀, kò ti ẹ̀ tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Bọ́rọ̀ ṣe wá bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn bàálù wa ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì wọn ṣì gbóná, wọ́n ń bu epo sí wọn. Fèrè dún. Ọ̀tá ti ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ apẹja kan lẹ́yìn àpáta ńlá tó wà lójú òkun wa. Dauvit àti apẹja mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣe mẹkáníìkì ju gbogbo nǹkan sílẹ̀, wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè bí ewúrẹ́. Wọn ò rò ó wò rárá, ẹsẹ̀ ló gbé wọn. Voyle wà nínú bàálù rẹ̀, ó ti so ìgbànú mọ́ra, ó ń pariwo "Ẹ ṣáná! Ẹ ṣáná!" kò sẹ́ni tó máa ṣáná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀wọ́ ọ̀tá kejì wá kọjá lórí wa báyìí, wọ́n lọ bá ọkọ̀ eléèédú kan níwájú ìlú, wọ́n dáná sun ún. Gbogbo wa la rí i. Nígbà tí àwọn Dauvit fi máa dé ibi tí ọkọ̀ apẹja wà, pákó tó ń léfòó nìkan ni wọ́n bá.

Wọn ò rí ẹni gbà là níbí, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ eléèédú náà sì kú.

Lọ́jọ́ kejì, Voyle kó wọn jọ sínú abà onípákó tó wà létí pápá. Mo wà níbẹ̀, tíì ni mò ń bù, ẹni tó ń bu tíì kì í sí lójú ẹnikẹ́ni. Máàpù òkun wà lórí tábìlì. Voyle fi ìka tọ́ ọ.

Ó ní, "Ní Tọ́sìdè tó ń bọ̀, ọ̀wọ́ ọkọ̀ eléèédú máa kọjá níwájú etíkun yìí. Èédú tó wà nínú wọn, òun làwọn ilé iṣẹ́ fi ń rọ ìbọn. Bàálù wa ò lè pẹ́ lókè kí epo tó tán, ọ̀tá sì mọ̀. Wọ́n á rán àwọn kan ṣíwájú láti fà wá sókè. Tá a bá wálẹ̀ wá gba epo, nígbà náà làwọn tó fẹ́ pa wá gan-an máa tó yọjú. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ogun Tọ́sìdè, ojú ọ̀run kọ́ la ti máa ṣẹ́ ẹ. Nínú pápá yìí ni, lọ́wọ́ àwọn tó ń bu epo."

 Òótọ́ ni, gbogbo wọn mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ranald dìde. Ó di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn bí ẹni pé ó wà níwájú adájọ́. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbẹnu sọ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọ́n ti búra fún ọkọ̀ kí wọ́n tó búra fún ọba. Ìbúra tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu..."

Voyle ní, "Kí wọ́n lọ jẹ́jọ́ níwájú ọkọ̀ nígbà náà. Jókòó, Carnegy."

Dauvit ní, "Sà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà nínú omi ńkọ́?"

Voyle wò ó lójú, ó ní, "Kí n kú síbẹ̀. Kí bàálù kejì gbéra."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dá a lójú. 

Ló bá gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Ọkùnrin tó bá tún kúrò ní pápá nítorí fèrè, kóòtù ológun ló ń lọ, ẹ̀wọ̀n ló sì ń ti ibẹ̀ lọ. Àwọn tó bá kù, yóò tú wọn ká, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, káàkiri ilẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ ọmọ Skelbrae á sì parí síbẹ̀. Àfi tí ọ̀gá àwọn olórí kunkun náà bá búra lójú gbogbo wọn nísinsìnyí.

Wọ́n jáde síta. Dauvit gbé ọwọ́ lé apá bàálù Ranald. Ọwọ́ yẹn dúdú fún epo. Ó ní, "Èmi Dauvit Swankie, ọmọ Andra, tí wọ́n ń pè ní Ìdákọ̀ró. Bí fèrè bá dún, ẹsẹ̀ mi ò ní kúrò ní pápá yìí. Bí mo bá kúrò, kí òkun má mọ̀ mí mọ́."  

Nígbà tí Voyle ti lọ, Ranald sún mọ́ ọn. "Ìdákọ̀ró, ká ní o bi mí gẹ́gẹ́ bíi lọ́yà ẹ, ǹ bá ti ní kó o má búra."

Dauvit ní, "Tó o bá jẹ́ lọ́yà mi lóòótọ́, má kó sómi."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ilé wa ò ṣeé gbé. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Ó jí lójú oorun tán ó lọ sójú fèrèsé. Ó gbé sípánà wálé, ó ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Mo ní, "Dauvit, jókòó." Ó ní òun jókòó. Mo ní, "Sọ fún ẹsẹ̀ ẹ, kò tíì gbọ́." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Bethia, àárín ilẹ̀kùn méjì ni mo wà." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Tó bá dúró, ó dalẹ̀ òkun. Tó bá sáré, ẹ̀wọ̀n ni, wọ́n á sì tú gbogbo ọkọ ìlú wa ká bí ìyẹ́ adìyẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà pé kí fèrè yẹn dákẹ́, kí ìpáàrà dí i lẹ́nu.

Tọ́sìdè dé. Oòrùn wà, ṣùgbọ́n oòrùn tí kì í mú èèyàn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti ojú òkun. A rí àwọn ọkọ̀ eléèédú lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n tò tẹ̀ léra bí èèrà. Agogo lù, àwọn tó ń fò sáré, ẹ́ńjìnnì bú, wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà, ariwo ìbọn ń bọ̀ láti inú òfuurufú bí ẹni ń fa aṣọ ya. Kò pẹ́. Ogun wọn kì í pẹ́ rárá, ká tó gbé orí sókè ó ti tán. Dídúró dè wọ́n ló ń pẹ́.

Wọ́n ń padà bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa ń kà wọ́n lójú, kò sẹ́ni tó ń kà á jáde lẹ́nu. Ti Ranald ò sí níbẹ̀. Ààyè tí bàálù rẹ̀ máa ń dúró sí wà lófìfo, Dauvit sì dúró síbẹ̀ tòun ti rọ́bà epo lọ́wọ́.

Voyle balẹ̀ gbẹ̀yìn, èéfín funfun ń jáde nímú bàálù rẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó rìn tọ Dauvit lọ tààrà. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Carnegy ti bọ́ sómi. Mo rí i tí agboòrùn tó fi bẹ́ láti òkè ṣí. Lẹ́yìn àpáta, sápá àríwá. Wọ́n ti tẹ ọkọ̀ ológun ojú omi láago, yóò pẹ́ kó tó dé." Ó nawọ́ sí bàálù rẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì mi ń hó. Kò sẹ́lòmíràn tó lè tún un ṣe kíákíá bíi tìẹ. Àwọn ọ̀tá tó kù ń bọ̀."

Kò pàṣẹ. Ó kàn sọ ọ́. Fèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àwọn apẹja mẹ́ta yẹn gbé orí sókè, ẹsẹ̀ Dauvit ni wọ́n ń wò. Tó bá gbé e, wọ́n á gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ já sílẹ̀, rọ́bà epo bọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ó ti ń rìn, ó ti fẹ́ máa sáré, ojú rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ti kẹ̀kẹ́ tíì lu iwájú rẹ̀, ife fọ́ káàkiri ilẹ̀.

Ó ní, "Bethia, yà."

"Mi ò yà."

"Ranald ni! Ranald ló wà nínú omi!"

"Mo gbọ́. Ta ló kù tó lè tún bàálù yẹn ṣe? Àwọn tó ń bọ̀ yẹn, ta ló máa lé wọn? Èédú wo ló máa jó lónìí, pẹ̀lú ọmọ ta ni nínú rẹ̀?"

"Ta ló máa gbé ọkọ̀ jáde? Bàbá mi ò lè gun àtẹ̀gùn! Ta ni?"

Èmi gan-an ò mọ̀ títí ó fi bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Èmi ni."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Mi ò búra fún ẹnì kankan. Òun ló fi jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lè lọ. Padà sídìí ẹ́ńjìnnì ẹ."

Mi ò dúró gbọ́ èsì. Mo sáré. Nígbà tí mo wẹ̀yìn lórí òkè, mo rí i tó ti wọ abẹ́ bàálù Voyle, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta.

Nílé ọkọ̀, àwọn obìnrin ti dé, wọ́n ti ká yẹ̀rì, wọ́n ti fa ọkọ̀ dé inú omi, wọ́n ń wo ọ̀nà òkè. Bàbá Andra ti fi ọwọ́ kúrò lára fèrè, ó di ọ̀pá mú.

Ó ní, "Àwọn ọkùnrin dà?"

Mo ní, "Wọn ò wá, Bàbá. Wọn ò lè wá."

Ariwo sọ. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ń rìn lọ nínú omi, ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó dé àyà. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé etí ọkọ̀.  

Isie sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́. "Bethia. O mọ ohun tí wọ́n máa sọ."

"Mo mọ̀."

"Bí ẹja ò bá wá mọ́, àwa ni o. Bí ìjì bá jà lọ́dún mẹ́wàá sí i, àwa ni."

"Ọkọ ẹ, Isie, nígbà tó kú sómi, ṣé obìnrin wà nínú ọkọ̀ rẹ̀?"

 Mo fo etí ọkọ̀, mo ṣubú sínú rẹ̀ bí àpò ẹja. Igi inú rẹ̀ gbẹ, ó sì rùn fún ọ̀dà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀run ò já.

Mo gbé ojú wo Bàbá Andra. Ó ti yí ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ògiri. Ó ní, "Èmi ò rí nǹkan kan o. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ká ní mo rí nǹkan ni, ǹ bá sọ pé imú ọkọ̀ ni kí wọ́n fi ko ìgbì, kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀gbẹ́ kò ó. Pé kí ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú má wo omi, àpáta ni kó máa wò."

Isie ní, "Bàbá, ta ló máa pọ̀n wá wọlé báyìí?" Ló bá gbé ara rẹ̀ sókè, ọkọ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àga fi kún.

Àwọn obìnrin tó ti ń gbé agbọ̀n ẹja láti kékeré, apá wọn kì í ṣe apá eré. Ṣùgbọ́n títukọ̀ ní orin tirẹ̀, a ò mọ orin náà. Àjẹ̀ ń lu àjẹ̀. Isie bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbogbo wa ní èébú kan náà léraléra, èébú tí mi ò lè sọ níbí, èébú yẹn la fi ń fa àjẹ̀. Èmi di ìtọ́kọ̀ mú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbọ́ tí Dauvit ń sọ ti omi yẹn lórí oúnjẹ, ibi tó ti ń fà, ibi tó ti ń parọ́. Mo rò pé mi ò fetí sí i. Ó wà nínú mi o, gbogbo rẹ̀ pátá, bí orin tí èèyàn ò mọ ìgbà tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìtọ́kọ̀ yẹn ń bá mi jà. Apá mi ń já. Ìgbì gbé wa sókè, ó jù wá sílẹ̀. Mi ò wo omi. Àpáta ni mò ń wò.

A kọjá àpáta. Ohun gbogbo rí bákan náà, eérú lórí eérú. A dúró, a ń fetí sílẹ̀. A pe orúkọ rẹ̀, "Ranald! Ranald o!" Kò sí èsì. Mo bá pè é lórúkọ tó ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa. "Ẹnu-ò-sinmi!"

Ohun kan dáhùn bí ìgbà tí ẹyẹ ń wú ikọ́.

Ẹ̀wù oníyẹ́lò tó ń gbé e léfòó la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ojú, ó funfun bí àbẹ́là. Isie àti ẹnì kan fà á lápá. Ètè rẹ̀ ò lè pàdé. Ó wo Isie, ó wò mí, ó wo gbogbo wa yí ká.

Ó ní, "Obìnrin."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé mo ti kú ni?"

Isie ní, "Ó kù díẹ̀. Tètè wọlé ká tó yí ọkàn padà."

A fi gbogbo ṣáàlì wa wé e. Orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ẹnì kan. Mo mọ ẹni tó ń wá.

"Ìdákọ̀ró dà?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n kọjá lórí wa. Àwọn bàálù wa, wọ́n fò sún mọ́ omi gan-an, wọ́n ń sáré lọ sójú òkun, ti Voyle ló wà níwájú, kò sí èéfín kankan nímú rẹ̀. Mo ní, "Ìyẹn ni Dauvit. Tẹ́tí sí i, òun ló ń ké yẹn." Ranald di ojú, ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn títí tó fi jìnnà. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ariwo aṣọ yíya, lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ọ̀tá da bọ́ǹbù wọn sínú omi lásán, wọ́n sá. Àwọn ọkọ̀ eléèédú ń lọ lọ́nà wọn, bí èèrà, kò sí ọ̀kan tó jó.

Ranald yè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Voyle wá sídìí kẹ̀kẹ́ tíì mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gba ife, ó mu ún tán, ó dá a padà. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yẹn ò hó mọ́."  Ó ní, "Mi ò pàṣẹ kankan fún ẹni tó ń bu tíì." Ó lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán nílùú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà mọ́. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan ní kí wọ́n fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, àwọn kan ní kí wọ́n dáná sun ún. Dauvit ò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti wálé ní Tọ́sìdè, kò bá mi sọ ju "Ó ṣeun" fún oúnjẹ lọ. Mo ń fọ àwo, mò ń fọ èyí tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ó dáa, mo gba Ranald là, mo gba ìbúra ọkọ mi là, ọkọ mi gan-an ló wá bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, àwọn apẹja wá kanlẹ̀kùn. Ẹni tó dàgbà nínú wọn ló sọ̀rọ̀. "Dauvit, ìwọ lọ̀gá atukọ̀. Kí la máa ṣe sí ọkọ̀ yẹn?"

Dauvit ní, "Ṣé ó ń jò ni?"

"Rárá o."

"Ṣé àjẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́?"

"Dauvit, o mọ ohun tí à ń sọ. Obìnrin ti wọ̀ ọ́."

"Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì mú èèyàn bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́, kó wá pọn ìyàwó rẹ̀ nígbà tí fèrè bá dún." Ó ti ilẹ̀kùn.

Ó jókòó síwájú mi. Ó fa àwo kúrò lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń wo apá mi ọ̀tún, tó ti wú láti ìgbọ̀nwọ́.

"Bethia."

"Hùn?"

"Nígbà tó o ń bọ̀ wálé, tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn ẹ. Ṣé ọkọ̀ ń fà lọ sọ́wọ́ ọ̀tún?"

Mo ní, "Ó ń fà gan-an. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tọ́."

"Ìwọ kọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, èmi gan-an ló ń bá jà." Ó na ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó fi hàn mí. "Tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, tètè darí rẹ̀ sósì díẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀."